KÁMẸ́RÀ ÀTIJỌ́ ÀTI KÁMẸ́RÀ ÒDE-ÒNÍ NÍ IGBÓ-ELÉRIN

Kò sí ilé kan nínú àwọn ilé wa, bí ó ti wù kí ó kéré tó, tí a kò lè rí àwòrán kan nínú rẹ̀ tí a fi kọ́ ara ògiri tàbí tí a tọ́jú sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. Bàbá tí ó ti lọ ń wò wá láti inú férémù rẹ̀. Ìyàwó tuntun ọjọ́sí, tí ó ti di ìyá ọmọ mẹ́rin nísisìyí, dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọmọ tí a kó jáde ní ọjọ́ kẹjọ sùn sí ọwọ́ ìyá-ìyá rẹ̀. Àwòrán ti di ohun ìní ìdílé, a sì ń jogún rẹ̀ bí a ti ń jogún ilé. Nítorí náà ni a fi rò pé kì yóò jẹ́ àṣejù bí a bá fi ojú-ìwé ti ọ̀sẹ̀ yìí sọ̀rọ̀ lórí ohun èlò tí a fi ń yà á, pàápàá nígbà tí ọ̀ràn náà ti ń dá gbèsè sí ọrùn àwọn ìdílé kan ní agbègbè wa.

Ní ìgbà àtijọ́, bí a bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, a ó béèrè pé, "Ta ni yóò ya fọ́tò?" Nísisìyí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, "Irú kámẹ́rà wo ni ó ń lò?" Bí ayàwòrán bá dárúkọ èyí tí ó ti pẹ́, wọn a yínmú, wọn a sì wá ẹlòmíràn lọ, láìtilẹ̀ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí a kọ̀ báyìí a sáré lọ yá owó kí ó lè ra tuntun. Ohun tí a fẹ́ wádìí ni pé, kí ni kámẹ́rà tuntun ń ṣe tí ti àtijọ́ kò lè ṣe, àti pé, ǹjẹ́ ohun náà tó gbèsè náà bí?

Ẹni tí ó bá mọ agbègbè wa yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbóná níbẹ̀. Orúkọ Igbó-Elérin ń sọ fún wa pé igbó ni, àti pé ọ̀rọ̀ erin kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń rìn níbẹ̀ lónìí, bọ́ọ̀sì àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ni yóò máa yà fún, kì í ṣe erin. Láti Ìyànà-Ìbà títí dé Okokomaiko, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó lọ sí Àgbádárìgì, ilé fara kan ilé. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gba oyè, àwọn ayàwòrán a dúró ní ẹnu ọ̀nà bí àwọn tí ń dúró de ọkọ̀. Ọjà ńlá Alábà, níbi tí a ti ń ta ohun èlò oníná ti gbogbo ayé, tuntun àti tòkunbọ̀, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà. Tí a bá wá ka iye ilé ìsìn àti iye àríyá tí ń bẹ ní òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń jẹun nídìí kámẹ́rà.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí ti ẹni tí ń ju òkúta nínú òkùnkùn, a mú kámẹ́rà méjì tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe, èyíinì ni Canon ti ilẹ̀ Jàpáánì. Èkíní ni EOS 1100D, tí wọ́n kéde ní oṣù kejì ọdún 2011, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Rebel T3. A ṣe é fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Èkejì ni EOS R5, tí ó jáde ní oṣù keje ọdún 2020, tí a ṣe fún àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀rẹ́ wa kan tí ń fi kámẹ́rà háyà yá wa ní R5 fún ọjọ́ méjì. Ọmọ ìjọ wa kan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ wá, ni ó ni 1100D.

Ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù lọ láàrin àwọn méjèèjì ni jígí. Nínú 1100D, jígí kékeré kan dágun sí ẹ̀yìn lẹ́ńsì. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba ojú lẹ́ńsì wọlé, jígí yìí ni yóò kọ́kọ́ bá. Jígí a sì darí rẹ̀ sókè sí ihò tí ayàwòrán ń fi ojú kan wò. Ohun tí ó ń rí nínú ihò náà ni ìmọ́lẹ̀ ayé gan-an, bí ìgbà tí a bá gba ojú fèrèsé wo ìta. Nígbà tí ó bá tẹ bọ́tìnnì, jígí a fò sókè, aṣọ ìkélé kékeré tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ a ṣí, ìmọ́lẹ̀ a sì bọ́ sórí pẹlẹbẹ tí ń gba àwòrán, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, jígí ti padà sí àyè rẹ̀. Ariwo tí a máa ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ya ìyàwó àti ọkọ, jígí àti ìkélé yìí ni ó ń pa á. Ọgbọ́n jígí yìí ti wà láti ìgbà tí a ti ń lo fíìmù. Nígbà tí sẹ́ńsọ̀ wá gba ipò fíìmù ni orúkọ rẹ̀ di DSLR.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ fẹ́ràn ìtàn kò ní bínú bí a bá yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ní ọdún 1975, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, Steven Sasson, ni ó kọ́kọ́ ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù. Ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni ó ń gbà á kí ó tó kọ àwòrán kan sórí kásẹ́ẹ̀tì, àwòrán náà kò sì ní àwọ̀ ju dúdú àti funfun lọ. Láti ibẹ̀ ni gbogbo èyí ti ṣàn wá.

Nínú R5, a ti yọ jígí kúrò pátápátá. Sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń wo ayé nígbà gbogbo, a sì ń fi ohun tí ó rí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tí ó wà nínú ihò ìwòye. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mirrorless, èyíinì ni aláìníjígí. Panasonic ni ó kọ́kọ́ ta irú rẹ̀ tí a lè pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀, ní ọdún 2008. Sony mú ti sẹ́ńsọ̀ ńlá jáde ní 2013. Canon sì mú tirẹ̀ ti sẹ́ńsọ̀ ńlá jáde ní 2018. Bí jígí ti kúrò, àyè ṣí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgbọ́n mìíràn, bí a ó ti rí i.

Ìdánwò wa àkọ́kọ́ jẹ́ níbi ìkómọjáde, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, lábẹ́ kánópì funfun, oòrùn sì ń tàn dáadáa. A fi kámẹ́rà méjèèjì ya ìyá ọmọ, bàbá ọmọ, àti àwọn àgbà méjì ilé. A tẹ àwòrán wọn sórí ìwé tí ó jẹ́ ínṣì 8 sí 10, a sì kó wọn fún àwọn ìyá ìjọ láti yẹ̀ wò, láìsọ èwo ni èwo. Wọ́n yí wọn síwá sẹ́yìn títí. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú sọ ọ́. Àwọn méjì tilẹ̀ ní ti kámẹ́rà àtijọ́ ni ó dùn ún wò jù.

Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Àwọn ẹyọ kéékèèké tí ó pa pọ̀ di àwòrán 1100D jẹ́ mílíọ̀nù 12, 4,272 ní ìbú, 2,848 ní òró. Àwọn atẹ̀wé a máa to 300 sínú ínṣì kan kí àwòrán lè mọ́lẹ̀ kedere. Bí a bá pín in, 1100D lè kún ìwé tí ó jẹ́ ínṣì 14 sí ínṣì 9 àti ààbọ̀ láìfi ohunkóhun ṣòfò. R5 ní ẹyọ mílíọ̀nù 45, ó sì lè kún ìwé tí ó jẹ́ ínṣì 27 sí 18. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń kọ́ àwòrán tí ó tó fèrèsé sí ara ògiri? Púpọ̀ nínú àwòrán ìgbéyàwó ìsisìyí, orí fóònù ni wọ́n ń parí ìrìn àjò wọn sí, WhatsApp a sì ti gé púpọ̀ nínú àwọn ẹyọ náà dànù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àbúrò ní Ìbàdàn. Ibi tí mílíọ̀nù 45 ti wúlò ni pé, bí a bá ya èrò púpọ̀, tí a sì fẹ́ gé ojú ẹnì kan ṣoṣo jáde nínú wọn, ojú náà yóò ṣì mọ́.

Ìdánwò kejì ni ó fi ìyàtọ̀ hàn wá ní gbangba. Ìsìn ìrọ̀lẹ́ ni; iná ìjọba lọ nígbà tí orin kejì ń lọ lọ́wọ́, a sì tan jẹnẹrétọ̀, èyí tí ó gbé gílóòbù díẹ̀. Níbẹ̀ ni 1100D bẹ̀rẹ̀ sí i wá ojú ènìyàn bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ojúlé mẹ́sàn-án péré ni ó ní tí ó lè fi mú ohun tí ó ń wò, àárín àwòrán ni gbogbo wọn sì kóra jọ sí. A gbé agbára ìríran rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ISO, dé 6400, tí í ṣe òpin rẹ̀. Àwòrán jáde, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé a bu iyanrìn lé àwọn akọrin lórí, aṣọ wọn tí ó jẹ́ pupa sì di àwọ̀ ilẹ̀.

R5 wọ inú òkùnkùn náà bí ẹni tí ó mọ ilé. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 36 sí 24, nígbà tí ti 1100D jẹ́ 22 sí 15 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣírò ààyè orí wọn, ti R5 ju ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ lọ. Bí agbada tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ṣe ń gba omi òjò ju ife lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀. ISO rẹ̀ lọ dé 51200. Sẹ́ńsọ̀ náà tún ń rọra mì láti tako gbígbọ̀n ọwọ́ ẹni tí ó gbé e. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń dá ẹyinjú ènìyàn mọ̀: bí ọmọdé ti ń sáré bọ̀ láàrin àwọn àga, àmì kékeré kan lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀. Àwòrán mẹ́ta ni 1100D lè yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. R5 lè ya 12, ó sì lè dé 20 bí a bá lo ìkélé oníná tí kì í pariwo.

Ọ̀rọ̀ àìpariwo yìí dùn mọ́ wa, a kò ní fi pamọ́. Àwa tí a máa ń dúró ka ẹ̀kọ́ ní iwájú ìjọ mọ bí ó ti ń rí nígbà tí gbogbo ilé bá dákẹ́ fún àdúrà, tí kámẹ́rà mẹ́ta sì ń ró bí ẹni ń fọ́ ẹ̀kùrọ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà ní ewu tirẹ̀ tí àwọn olùtà kì í sọ. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa ń lọ ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà ọ̀pá iná gígùn àti ọ̀pọ̀ gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100, bí ojú wa kò tilẹ̀ rí i. Ìkélé oníná ti R5 kì í ka gbogbo sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni ó ń kà á. Bí iná bá ṣẹ́jú nígbà tí ó ń kà á lọ, àwòrán a ní ìlà dúdú àti ìlà funfun bí aṣọ òfì. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí méje nínú àwòrán tí a yà. Ìgbà tí a padà sí ìkélé tí ń ró ni ó tó dáwọ́ dúró.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó kan àwa ènìyàn dúdú ju ẹlòmíràn lọ, a ó sì dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí òun ni ó ń ba àwòrán jẹ́ jù ní àwọn òde wa. Nínú kámẹ́rà gbogbo, ohun kan wà tí ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀. A kọ́ ọ láti gbà pé ayé, bí a bá pò ó pọ̀, kò funfun kò sì dúdú, pé bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ni ó ń padà wá láti ara ohun gbogbo. Ẹ wá wo ìyàwó wa nínú lésì funfun, gèlè funfun, níwájú aṣọ ìkélé funfun. Kámẹ́rà a rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. A dín in kù. Lésì a di eérú, ojú ìyàwó a sì di èédú. Ẹbí a ní ayàwòrán kò mọ iṣẹ́, òun náà a di ẹ̀bi ru kámẹ́rà. Oògùn rẹ̀ kò ju kí a yí ìwọ̀n náà sókè ní ìpele kan tàbí kan àti ààbọ̀, 1100D sì ní bọ́tìnnì tí a fi ń ṣe é láti ọjọ́ tí a ti dá a. Àǹfààní R5 ni pé, tẹlifíṣọ̀n inú ihò ìwòye rẹ̀ ń fi dídúdú ojú náà hàn kí a tó tẹ ohunkóhun, nígbà tí ẹni tí ó gbé 1100D yóò kọ́kọ́ yà á, yóò sì wo ẹ̀yìn kámẹ́rà kí ó tó mọ̀. Ihò ìwòye 1100D tilẹ̀ ń fi ìdá 95 nínú 100 àwòrán hàn péré. Ìdí nìyí tí ọwọ́ àlejò kan fi máa ń yọ sí etí fọ́tò tí a rò pé a ti yọ ọ́ kúrò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé R5 ló borí nínú ohun gbogbo. Bátìrì rẹ̀ ń ya bí àwòrán 320 bí a bá ń fi ihò ìwòye wò ó, ti 1100D sì ń ya bí 700. Ní àdúgbò tí iná ti ń lọ fún ọjọ́ méjì, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. R5 kò ní fíláàṣì lára. A ní láti ra tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fídíò rẹ̀ tí ó ga jù, èyí tí wọ́n ń pè ní 8K, Canon fúnra wọn kéde ní 2020 pé yóò ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 20 kí ooru tó dá a dúró, ní ibi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 23. Ẹ wo ọ̀sán Èkó, tí ó ń kọjá 30, kí ẹ sì fi ṣírò. Wọ́n ti ṣe àtúnṣe sí i lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ooru ṣì ni ooru. Àwòrán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá yà ní RAW ń jẹ ààyè bí MB 45, ti 1100D bí 17. Nítorí náà kọ̀ǹpútà àti àwọn ohun ìpamọ́ tí ó tó fún ti àná kò ní tó fún tòní.

A wá dé ìdí owó. Iye tí Canon kéde fún R5 ní Amẹ́ríkà ní 2020, láìsí lẹ́ńsì kankan lára rẹ̀, jẹ́ dọ́là 3,899. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí ilé ìfowópamọ́ ṣì ń ṣírò dọ́là kan sí bí náírà 460, owó náà kò tó 1,800,000 náírà. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa dá iye náírà. Nígbà tí yóò fi di 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà, dọ́là 3,899 kan náà sì ti di nǹkan bí 5,850,000 náírà. Ẹni tí ó bá ń gba owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje 2024, èyíinì 70,000 náírà, yóò ṣiṣẹ́ fún oṣù 84 láìjẹun kí ó tó rí i. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo tí ó yẹ irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, RF 24-70, jẹ́ dọ́là 2,299 nígbà tí ó jáde ní 2019. Ní oṣù keje 2024 kan náà ni wọ́n sì kéde R5 Mark II, tí ẹni tí ó jẹ gbèsè ra R5 di ẹni tí ń lo ti àtijọ́ kí ó tó san gbèsè tán.

Ọmọ ìjọ wa tí a mẹ́nu bà lókè wà nínú ọ̀ràn yìí gan-an. Ó ti ń lo 1100D láti ìgbà tí ó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Owó rẹ̀ ni ó fi san owó ìwé àbúrò rẹ̀ obìnrin. Lọ́dún tí ó kọjá, ìdílé méjì ní Ìbà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí orúkọ kámẹ́rà rẹ̀. Ó wá pinnu láti yá mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti ra R5 tòkunbọ̀, ìyá rẹ̀, tí ń ta ẹ̀lùbọ́, ni yóò sì ṣe onídùúró. Ìyá náà mú ìwé ẹgbẹ́ wá fún wa láti kà, nítorí iṣẹ́ ìwé ni iṣẹ́ wa.

"Olùkọ́," ni ó wí, "ẹ bá mi wò ó dáadáa o. Bí ọmọ yìí kò bá rí i san, ṣé ṣọ́ọ̀bù mi ni wọn yóò gbà?"

A wò ó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwé náà wí.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ kò mọ bí ó ti rí kí ènìyàn máa bo orúkọ kámẹ́rà rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ó jalè. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n ń gba iṣẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wá lára, nítorí òtítọ́ ni. A kò lè sọ fún un pé ojú kò ti í. Ṣùgbọ́n a ní kí ó kó ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún kan wá, a sì jọ ka gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ 41 ni ó ṣe. Mẹ́sàn-án péré ni ó jẹ́ ti alẹ́ tàbí ti inú ilé tí kò ní ìmọ́lẹ̀, níbi tí R5 ì bá ti ṣe ohun tí 1100D kò lè ṣe. Ìyókù jẹ́ ti ọ̀sán: ìkómọjáde, ọjọ́ ìbí, fọ́tò ìwé ìrìnnà, àwọn tí ń gba oyè. Owó tí wọ́n fi ń háyà R5 fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kò tó owó èlé oṣù mẹ́ta lórí mílíọ̀nù mẹ́ta náà.

Ohun mìíràn sì wà. Lẹ́ńsì 18-55 tí ó bá 1100D wá láti ilé-iṣẹ́ kì í gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Canon ní lẹ́ńsì kékeré kan, 50 mílímítà, tí ihò rẹ̀ ń ṣí dé 1.8, tí ó wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù. Bí a bá fi wé 18-55 náà nígbà tí a bá fà á jáde tán, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó ju ìlọ́po mẹ́sàn-án lọ. Òun náà ni a fi ya ìyá ọmọ ní ìdánwò àkọ́kọ́ wa, ó sì ń sọ ẹ̀yìn àwòrán di ìkùukùu bí àwọn oníbàárà ti ń fẹ́ ẹ. Lẹ́ńsì EF ni, irú tí Canon ti ń ṣe láti 1987. Bí ọmọ náà bá sì ra R5 lọ́jọ́ kan, yóò fi òrùka asopọ̀ kan so ó mọ́ ọn, yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ti 18-55 náà yóò so, ṣùgbọ́n R5 yóò gé àwòrán rẹ̀ kù sí bí ẹyọ mílíọ̀nù 17, nítorí sẹ́ńsọ̀ kékeré ni a ṣe é fún. Ara kámẹ́rà ń gbó, lẹ́ńsì rere a máa bá ni kalẹ́.

Ẹni tí ó bá ń lọ ra tòkunbọ̀ ní Alábà tàbí níbikíbi, kí ó mú káàdì ti ara rẹ̀ àti bátìrì tí ó kún lọ́wọ́. Kí ó fi iná fóònù wo inú lẹ́ńsì láti ẹ̀yìn. Bí ó bá rí ohun tí ó dà bí okùn aláǹtakùn, olú ni, tí ó hù nítorí ọ̀rinrin, kí ó gbé e padà. Kí ó ya ògiri funfun, kí ó sì wo àmì dúdú. Kí ó béèrè iye ìgbà tí ìkélé ti ṣí. Canon sọ pé ti R5 lè tó 500,000. Kí ó tún gba ìwé ẹ̀rí ọjà tí ó ní nọ́ńbà kámẹ́rà náà nínú, nítorí ohun tí a jí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn.

Àwọn tí ń fi orúkọ kámẹ́rà díwọ̀n ayàwòrán kò bá ti gbọ́ nípa J. D. 'Okhai Ojeikere, tí a bí ní 1930 tí ó sì kú ní 2014. Kámẹ́rà Brownie kékeré kan, tí kò tilẹ̀ ní fíláàṣì, ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ó di ayàwòrán ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn. Láti 1968 ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, tí ó fi sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan àwòrán, láti ẹ̀yìn orí àti láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní òkè òkun ń fi wọ́n hàn lónìí. Ní àárín ọdún 1970 sí 1980, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, wá wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Yorùbá, ó sì kọ̀wé rẹ̀ jáde ní 1978. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, ayàwòrán wa a ya èyí tí ó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ̀ wọ́n pọ̀ sórí ìwé kan, kí ìyá lè rí ọmọ méjèèjì. Fíìmù àti yàrá òkùnkùn ni wọ́n fi ṣe é.

Ọmọ ìjọ wa gba lẹ́ńsì 50 náà ní owó àjọ ìyá rẹ̀, láìfọwọ́ sí ìwé gbèsè kankan. Fíláàṣì kan sì tẹ̀lé e ní oṣù kejì. Ó to àwòrán ọ̀sán rẹ̀ tí ó dára jù sínú ìwé pẹlẹbẹ, èyí ni ó sì ń gbé síwájú àwọn ìdílé nísisìyí kí wọ́n tó béèrè orúkọ kámẹ́rà. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó kọ̀ ọ́ ní Ìbà ti padà wá fún ìkómọjáde. Èkejì kò wá. Ìgbéyàwó alẹ́ kan ń bọ̀ ní Okokomaiko ní òpin oṣù yìí; ó ti san owó àsansílẹ̀ fún R5 tí yóò háyà, ó sì ti lọ wo gbọ̀ngàn náà láti mọ irú gílóòbù tí wọ́n ń lò níbẹ̀.